Obìnrin méjì ni wá, à ń wá ọmọ ní London: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Arìnrìnàjò_SE:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, òní ni mo gbójúgbóyà.

Obìnrin ni mí, Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá, London ni mò ń gbé. Èmi àti ẹnìkejì mi, obìnrin bíi tèmi, ọmọ Èkìtì, ti jọ wà láti ọdún méje. A ò tíì ṣègbéyàwó, a kàn jọ ń gbé ilé kan ni. Ọmọ là ń wá báyìí.

Ọdún 36 ni mo wà, òun wà ní 33. Èmi ni mo fẹ́ gbé oyún. Òun ní tó bá jẹ́ ti ẹyin, kí wọ́n kó gbogbo èyí tó wà lára òun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní rí òun nínú aṣọ olóyún láéláé. AS ni èmi, AA ni òun. Síkáànì fi hàn pé mo ní ìju kan tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ara ilé ọmọ lóde ló wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a lọ sí kílíníìkì kan. Obìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò wo fọ́ọ̀mù wa, ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé ọkọ ṣì ń wá ibi tó máa páàkì sí ni?" Ẹnìkejì mi ní, "Èmi ni mo páàkì." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo kàn bu omi mu.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti dónọ̀, ọkùnrin tó ń fi àtọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Àlàyé nípa àwọn dónọ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà títí, àmọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe tẹ "aláwọ̀ dúdú", mẹ́ta ló kù. A bèèrè pé èwo ni ọmọ Nàìjíríà nínú wọn. Kò sí. Ó ní ṣé a ò lè mú ọmọ Jàmáíkà tó wà níbẹ̀. Jàmáíkà ò burú o, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀fọ́ ti tán lọ́jà, ká kúkú ra ilá.

Ọ̀rẹ́ wa kan wá ní ká má da ara wa láàmú. Ó ní ọkùnrin kan wà lórí Facebook, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ rí. Kò gba owó, ká ṣáà san owó ọkọ̀ ojú irin rẹ̀. Ó máa wá sílé, á fi sínú ife, á máa lọ. Ẹnìkejì mi ti ń rò ó. Ẹ bá wa dá sí i: ṣé ká pè é, àbí ká dúró ti kílíníìkì? Ṣé IUI (kí wọ́n fi àtọ̀ sínú ilé ọmọ) ni ká kọ́kọ́ ṣe àbí ká kọjá sí IVF (kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara, kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sínú)? Ẹ ṣé o.

ỌmọÌbàdàn_Manchester:

Ẹ sá fún bọ̀dá Facebook yẹn. Ẹ tètè sá.

Ẹ ò tíì ṣègbéyàwó. Ní England níbí, bí obìnrin tí kò ní ọkọ tàbí ìyàwó lábẹ́ òfin bá fi àtọ̀ ọkùnrin kan lóyún nílé, ọkùnrin yẹn ni òfin mọ̀ sí bàbá ọmọ, ì báà jẹ́ ife tíì ló gbé e sí. Ó lè jí lọ́la kó ní òun fẹ́ máa rí ọmọ òun. Ẹ̀yin náà lè jí kí ẹ ní kó wá máa san owó oúnjẹ. Kóòtù á dá àtòun àtẹ̀yin lóhùn. Ẹnìkejì yín tó máa ń dìde lóru ńkọ́? Àlejò ni lójú òfin, àfi tó bá lọ gba ọmọ náà ṣọmọ.

Bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó kí oyún tó wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti oṣù kẹrin 2009 ni òfin ti sọ pé obìnrin tó bá ẹni tó bímọ wọ civil partnership (àjọṣe tí òfin kà sí bí ìgbéyàwó) ni òbí kejì, ìgbéyàwó gan-an sì ṣí sílẹ̀ fún wa ní oṣù kẹta 2014. Bí ẹ ò bá fẹ́ ìgbéyàwó, kílíníìkì tó ní ìwé àṣẹ HFEA, àjọ tó ń ṣàkóso irú àwọn kílíníìkì yìí, ni kí ẹ lò, kí ẹ̀yin fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù WP pé ẹ gbà kó jẹ́ òbí kejì, kí òun fọwọ́ sí PP pé òun gbà, kí wọ́n tó fi ohunkóhun kàn yín lára. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i tán, ẹ gba ẹ̀dà. Ní 2014 tí HFEA ní kí àwọn kílíníìkì yẹ fáìlì wọn wò, 51 nínú 109 ló rí i pé fọ́ọ̀mù àwọn kan ò pé tàbí pé ó ní àṣìṣe. Àwọn òbí kan bá ara wọn ní kóòtù ní 2015 níwájú adájọ́ Sir James Munby kí wọ́n tó lè pe ọmọ tí wọ́n ti ń wẹ̀ láti ọjọ́ ìbí ní ọmọ wọn. Nítorí ìwé pélébé kan.

Èmi fúnra mi ò gba ti ìgbéyàwó. Nítorí fọ́ọ̀mù ni mo ṣe ṣe é.

Arìnrìnàjò_SE:

Hẹn! Ife tíì gan-an ló dárúkọ fún wa o. Ẹnìkejì mi ń ka èyí lẹ́yìn mi, ó ti dákẹ́.

Nọ́ọ̀sìÒru:

Òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹ foríjì mí bí mo bá ṣi nǹkan kọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: irú ilé báyìí kọ́ ni wọ́n kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì tíì bá ara mi yanjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọmọ SS nígbà tí egungun ń ro ó tí kò lè sunkún mọ́, torí náà ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù ni mo bá wá.

AS pàdé AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé SS lọmọ máa jẹ́. Ẹ má sì gbàgbé AC. Àwa Yorùbá ní in dáadáa, àwọn èèyàn a máa fojú fò ó, bẹ́ẹ̀ AS pàdé AC lè bí SC, àìsàn lòun náà. Nítorí náà, àǹtí, bí ẹyin bá jẹ́ tiyín, AA ni dónọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ẹ sì rí i nínú ìwé. Ẹ má gba "ara ẹ̀ le, kò ṣàìsàn rí". Àwọn AS náà, ara wọn sábà máa ń le. Ọmọ Ìjẹ̀bú yín ńkọ́, ṣé ẹ ti bi í léèrè?

Bí ẹyin bá jẹ́ ti ẹnìkejì yín tó jẹ́ AA, SS ò lè jáde kódà kí dónọ̀ jẹ́ AS, nítorí pé ẹyin àti àtọ̀ ló ń pín jẹnotáìpù fún ọmọ. Inú tó gbé e ò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òun náà tún ti ẹ̀ yẹ̀ wò níbí. Ẹ mọ bí láàbù kan ṣe ń ṣe nílé. Mo mọ tọkọtaya tí ìwé sọ fún láti yunifásítì pé AA ni ọkọ, ọjọ́ tí èsì ọmọ dé ni wọ́n tó mọ̀ pé AS ni.

Ìju tó wà lóde ilé ọmọ kì í sábà dí oyún lọ́wọ́, èyí tó bá yọrí sínú ihò ilé ọmọ là ń bẹ̀rù. Ẹ bi dókítà léèrè èwo ni tiyín kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá abẹ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ folic acid nísinsìnyí, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́ (kí ẹ bi GP, dókítà àdúgbò yín, bóyá tiyín gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ). Bí BMI yín (ìwọ̀n ara sí gíga) bá ju 30 lọ, ẹ tètè mọ̀, torí NHS, ètò ìlera ìjọba, lè tìtorí ẹ̀ kọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ kó dẹ́rù bà yín: nínú ìròyìn tí HFEA gbé jáde ní 2021, nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 34 tí wọ́n ṣe IVF, nínú ọlẹ̀ ọgọ́rùn-ún tí wọ́n gbé sínú aláwọ̀ dúdú, 23 ló di ọmọ, ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 30. Ìju wà lára ohun tí àwọn dókítà ń fura sí, àti pé a máa ń pẹ́ kí a tó débẹ̀. Ọdún 36 ò pẹ́. Ẹ má kàn máa fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

Alábòójútó:

Mo ti pa ọ̀rọ̀ mẹ́rin rẹ́ lókè yìí. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù, ẹ̀ka ẹ̀sìn wà lápá òsì. Nọ́ọ̀sìÒru sọ èrò ọkàn ẹ̀, ó sì mú ìmọ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn ò bófin wa jẹ́.

ÌyáÈjìká:

Ẹ kú àfẹ́kù oorun, Nọ́ọ̀sì. Mo ní kí n má dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò.

Ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́rin. Ẹnìkejì mi ló bí i, IVF kejì ni, lẹ́yìn IUI mẹ́rin tí kò dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, gbé jáde ní 2013 ní kí obìnrin méjì ti ṣe IUI mẹ́fà láì rí oyún kí NHS tó gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ibi, àpò tiyín ni mẹ́fà yẹn ti ń jáde. Ọkùnrin àti obìnrin kàn máa sọ fún GP pé àwọn ti ń gbìyànjú láti ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá. Ní 2022 ìjọba ṣèlérí pé àwọn á mú ìdènà yẹn kúrò. Ibì kan ti yí i padà, ibì kan ò tíì yí i. ICB àdúgbò yín, ìyẹn ìgbìmọ̀ NHS tó ń pín owó ìtọ́jú, ló ń pinnu, ẹ lọ ka ìwé wọn fúnra yín, ẹ má gba ti ẹnu GP nìkan. Èyí tó wà ládùúgbò wa sọ fún wa pé kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé tiwọn lójú ewé kọkànlá.

Ìgò àtọ̀ kan ná wa ní 1,050 pọ́ùn, IUI kọ̀ọ̀kan tún gba tiẹ̀ lọ́tọ̀. Owó tí a fẹ́ fi san dìpọ́sítì ilé ló lọ. Ọjọ́ IUI fúnra ẹ̀ ò sì gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀bà: ẹ máa tọ̀ sórí igi àyẹ̀wò ní ilé láti mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ bọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ lọ, ẹ dùbúlẹ̀, ó ti tán, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ wà. Nígbà IUI kejì, aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kẹfà, mo gbọ́ igbe láti balùwẹ̀. Mo sáré lọ. Ìlà méjì! A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, a fi tówẹ́lì bo ara wa, a ti ń ka orúkọ. Ọjọ́ kẹwàá, ìlà kejì ti parẹ́. Kò sóyún kankan níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin bọ́ ló ṣì wà lára ẹ̀, èròjà hCG kan náà tí igi àyẹ̀wò oyún ń wá ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wa. Nítorí náà bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fún ẹlòmíì ní igi àyẹ̀wò kó bá yín tì í mọ́lé títí ọjọ́ kẹrìnlá.

Ti dónọ̀ aláwọ̀ dúdú: ó wọ́n lóòótọ́, gbogbo wa la ti jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ lè ní kí kílíníìkì yín kó àtọ̀ wọlé láti báńkì àtọ̀ ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ la ti rí tiwa, ọmọ Nàìjíríà, AA nínú ìwé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó gbà kí ọmọ mọ òun. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2005, ẹni tó bá fi àtọ̀ sílẹ̀ níbí ò lè fara pamọ́ mọ́: ọmọ tó bá pé 18 lè béèrè orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ HFEA. Dónọ̀ kan ò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìdílé mẹ́wàá ní ilẹ̀ yìí. Ẹ bi bọ̀dá Facebook yẹn pé ìdílé mélòó ló ti dé. Bí ẹ bá rí èyí tó wù yín, ẹ ra ti àbúrò mọ́ ọn, kí wọ́n tọ́jú u sínú yìnyín. A ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti tán.

Arìnrìnàjò_SE:

Ẹ̀gbọ́n, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun. Nísinsìnyí, "ẹyin tiẹ̀, ilé ọmọ tèmi" ló ń wù wá nítorí ọ̀rọ̀ AA yẹn. Àbí ó ti le jù?

ỌmọÌbàdàn_Manchester:

Kò le lábẹ́ òfin. Ẹni tó bímọ ni òfin mọ̀ sí ìyá, ẹyin tẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnìkejì yín tó fún yín lẹ́yin ṣì nílò ìgbéyàwó tàbí fọ́ọ̀mù kó tó jẹ́ òbí ọmọ tó tinú ẹyin ẹ̀ jáde! Àpò yín ló máa dùn jù. Ara méjì ni wọ́n fẹ́ tọ́jú: òun á gba abẹ́rẹ́ bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá, wọ́n á kó ẹyin, ìwọ á máa lo oògùn kí ilé ọmọ lè nípọn. Ká tó fi ìgò dónọ̀ kún un.

Àgbàlàgbà_Luton:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ tinú ọ̀rọ̀ yín púpọ̀, ọkọ ni mo ní, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá la fi wá ọmọ, IVF ló bá wa ṣe é. Abẹ́rẹ́ ò mọ ẹni tó ń fẹ́ obìnrin yàtọ̀ sí ẹni tó ń fẹ́ ọkùnrin.

Abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kó ẹyin, aago tí wọ́n bá dá ni kí ẹ gún un. Wákàtí 36 ni wọ́n fi sáàárín ẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n máa kó o. Aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ ni tèmi, ọkọ mi ti sùn, mo fi ẹsẹ̀ jí i. Ẹ má fi ààwẹ̀ kún àkókò abẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀ pásítọ̀ yín. Ẹ má mu àgbo kankan tí ẹ kò sọ fún nọ́ọ̀sì. Àǹtí mi fi kèèmù kan ránṣẹ́ láti Ìṣẹ́yìn, ó ní ilé ọmọ ló ń fọ̀, mo gbé e sábẹ́ síǹkì, ibẹ̀ ló wà di òní. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ sínú yín, ẹ má dùbúlẹ̀ bí òkú. Mo dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nígbà àkọ́kọ́, kò dúró. Nígbà kejì mo lọ ra ẹja lọ́jà, ó dúró. Dókítà ní ọjà ẹja kọ́ ló mú un dúró o, ṣùgbọ́n pé dídùbúlẹ̀ ò ran nǹkan kan.

Ìbejì ń kọ́? Mo mọ̀ pé ó ń wù yín, ta ni kò wù nínú wa. Mo bẹ dókítà pé kó fi ọlẹ̀ méjì sí i. Ó ní ọ̀kan. Mo ní ọmọ Ìgbó-Ọrà ni ìyá mi, ìbejì ò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun kí wọn, ọ̀kan ni òun máa fi sí i. HFEA ò fẹ́ kí ìbí ìbejì nínú IVF ju mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí wọ́n sábà máa ń tètè dé kí oṣù wọn tó pé. Inú bí mi nígbà yẹn.

LágbájáLeeds:

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ṣì ní ilé ọmọ méjì láàárín ara yín. Àwa ọkùnrin méjì, obìnrin tó bá wa gbé e ni ìyá lójú òfin títí kóòtù fi gbé ọmọ náà fún wa, kò sì lè fọwọ́ sí ìwé yẹn kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo kàn sọ ọ́ ni. Bí ẹ ṣe ń ṣe náà ò rọrùn.

Arìnrìnàjò_SE:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ọlọ́run á ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò tíì lè sọ. Ilé. Màmá mi ò mọ̀. Àràárọ̀ ló máa ń fi àdúrà ọkọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pẹ̀lú àwòrán òdòdó. Bí ọmọ bá dé, kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé a ò wá ní lè gbé e lọ sílé láéláé?

ÌyáÈjìká:

Òfin tí Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014 ò ṣeé fi ṣeré: ọdún 14 fún ìgbéyàwó obìnrin méjì, ọdún 10 fún ẹni tó bá ń fi ìfẹ́ ẹ̀ hàn ní gbangba. Àmọ́ a ti gbé ọmọ wa délé lẹ́ẹ̀mejì. Páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ò kọ orúkọ òbí sí i. Nígbà tí ẹ bá forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ gba ìwé ìbí kékeré mọ́ ti ńlá: orúkọ ọmọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i sí ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ìyá méjì. Kékeré ni kó wà nínú báàgì yín, kí ti ńlá wà ní London. Ẹ sì bi lọ́yà tó mọ òfin ìlú méjèèjì léèrè, èmi ò kì í ṣe lọ́yà. A ò jọ sun yàrá kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ó dùn mí. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí.

Màmá tèmi mọ̀. Ọdún kan gbáko ni kò fi gbé fóònù mi. Ọjọ́ tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta ló pè, kò kí mi, ó ní, "Ta ló ń kì í?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Oríkì ilé ta?" Mo ní ilé wa. Ó dákẹ́, mo gbọ́ fáànù lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "O ń fi apá kejì sílẹ̀. Gbé e sétí ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í láti orí fóònù, Àjàní, ó ń to àwọn bàbá tí èmi gan-an ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ mi ò sí lára ọmọ yẹn rárá. Ó mọ̀. Títí di òní kò tíì dárúkọ ẹnìkejì mi, "ẹni yẹn" ló ń pè é. Ibi tí a dé nìyẹn.

Ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, abẹ́ "ìyá" ni wọ́n kọ ẹnìkejì mi sí, wọ́n kọ èmi sábẹ́ "òbí". Akọ̀wé ń tọrọ gáfárà, ó ní bí kọ̀ǹpútà àwọn ṣe tò ó nìyẹn. Mo ní kó má ṣèyọnu. Òbí. Kí ló wá kéré nínú ìyẹn?

Nọ́ọ̀sìÒru:

Mo kà á tán níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì méjì ń pè mí. Mò ń bọ̀.

Arìnrìnàjò_SE (ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ ṣéun fún gbogbo ìfìròyìnránṣẹ́ yín nínú àpótí.

A ti ṣègbéyàwó ní ọ́fíìsì. A fún wọn ní ìwé, a dúró ọjọ́ 28 tí òfin ní ká dúró, a mú ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí ni ọ̀rẹ́ wa tó mú bọ̀dá Facebook wá, ojú ń tì í. Ẹnìkejì mi wọ ṣòkòtò àṣọ-òkè. A jẹ ìrẹsì ní ilé oúnjẹ kan ní Peckham, wọ́n fún wa ní dòdò lọ́fẹ̀ẹ́ láì mọ ohun tí a wá ṣe.

AA rẹ̀ ṣì jẹ́ AA níbí. Nígbà tí a ṣírò owó, "ẹyin tiẹ̀, ilé ọmọ tèmi" ju agbára wa lọ lọ́dún yìí. IUI la fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹyin tèmi, dónọ̀ láti Amẹ́ríkà, AA nínú ìwé, mo ní kí wọ́n fi èsì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ hàn mí, mo kà á fún ara mi. Ìgò mẹ́ta la rà. Ìyá bàbá dónọ̀ náà ti Abẹ́òkúta wá. Dókítà ní ìju náà ò dí nǹkan kan.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni IUI náà. Alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin bọ́, ibi iṣẹ́ ni màá wà títí aago mẹ́wàá, wọ́n sì ní inú fíríìjì ni kó wà. Fíríìjì gbogbogbòò la ní níbi iṣẹ́. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Àgbàlàgbà_Luton:

Ike oúnjẹ tó ní ìdérí. Fi tówẹ́lì kékeré wé abẹ́rẹ́ yẹn, má jẹ́ kó kan yìnyín, tó bá di yìnyín ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Sì ka ìwé inú páálí ẹ̀, òmíì lè dúró síta díẹ̀.

ÌyáÈjìká:

Kọ orúkọ rẹ sí i gàdàgbà. Ní ibi iṣẹ́ wa, ẹnì kan rò pé mọ́ínmọ́ín ni, ó ti fẹ́ fi sínú máíkírówéèfù.